Ìlà Mẹ́ta àti Okùn Ìwọ̀ Kan

Agric, Ìkòròdú
Àárọ̀ Ọjọ́rú

Rónkẹ́ mi, Àbẹ̀ní ọmọ ìyá ẹ̀,

Báwo ni Ẹ̀pẹ́? Báwo niṣẹ́? Ṣé o ń jẹun dáadáa, àbí àwọn ẹja nìkan lò ń bọ́? Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Bàbá rẹ ń kọjá sẹ́yìn mi, ó ń yọjú wo ohun tí mò ń kọ. Ó ní kí n kí ẹ. Ó ní kí n má sì gbàgbé láti sọ fún ẹ pé òun lòun mú okùn wá. Fara balẹ̀, wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ okùn náà.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ẹ́ pé ìwé ni mo kọ, tí mi ò kàn pè ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ sọ ní àwòrán nínú, a kì í sì í fi ẹnu ya àwòrán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bá a bá wà lórí fóònù, ìwọ lo máa ń sọ̀rọ̀ jù. Tèmi ni tòní.

Nígbà tó o pè lọ́jọ́ Ìsinmi, ayọ̀ ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ. O ti di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń pa ẹyin ẹja àrọ̀ di ọmọ. Ìyá onílé ẹ kó èèyàn mọ́ra. Atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ wọ yàrá ẹ. Mo ti ń jó níbi tí mo jókòó sí kí ohùn ẹ tó wálẹ̀.

O ní, "Màmi, àwọn ọmọ ẹja inú táńkì kan ti kú o. Iyọ̀ tó yẹ kó wò wọ́n sàn ló pa wọ́n. Ẹni tó dà á sí i, ojú ló fi wọ̀n ọ́n."

Mo ní, "Ṣé kò lè fi fóònù ṣírò ẹ̀ ni?"

O ní, "Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ máa ń tutù, Màmi. Fóònù ń bọ́ sómi. Nígbà táwọn ẹja bá sì ti ń fò sókè, ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ á ti dàrú, kò sẹ́ni tó ń rántí ìsọdipúpọ̀ mọ́. Ọ̀gá wa ní kí n wá nǹkan ṣe sí i kí wọ́n tó kó ọmọ ẹja tuntun dé. Mi ò lè máa dúró ti gbogbo táńkì."

Bàbá rẹ gbọ́. Ó gbé ife tíì ẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Sọ fún un nípa ìlà mẹ́ta." Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé màá kọ̀wé sí ẹ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ìkòròdú láti Ìkìrun, mi ò tíì mọ bàbá rẹ. Yàrá kan lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbà ní Agric níbí. Mo ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá yẹn, wọ́n sì fi mí sí láàbù. Iṣẹ́ mi ò ta kókó. Wọ́n á gbé aṣọ sórí ìwọ̀n, wọ́n á sọ iye kílò tó jẹ́ fún mi. Ọ́fíìsì á ti kọ iye gíráàmù aró tí kílò kan gbọ́dọ̀ mu. Èmi á sọ ọ̀kan di ìlọ́po èkejì, màá sì kọ ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ da aró.

Iṣẹ́ tí ò ta kókó yẹn, kò jẹ́ kí n mí! Ojú fèrèsé láàbù kì í ṣófo. "Sísì Láàbù! Ẹ bá wa ṣírò tiwa, omi ti ń hó o!" "Sísì Láàbù, èmi ni mo kọ́kọ́ dé!" Ẹ̀rọ ìṣírò kan ṣoṣo la ní, bọ́tìnnì ẹ̀ sì ti kú díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán mi á ti dì kí n tó ráyè fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá mi ní láàbù ni Ọ̀gá Dúró, ọmọ bíbí Ìkòròdú, àgbàlagbà tí kì í bínú. Lọ́jọ́ kan tó rí i tí mo fẹ́ sunkún, ó fa dúróà ẹ̀ yọ, ó mú páálí kan jáde. Ìlà mẹ́ta tó dúró gbọọrọ ló wà lára ẹ̀, nọ́ńbà wẹ́wẹ́ sì wà lára ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fún òun láti máa fi mọ bí omi ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó.

Ó ní, "Gbé rúlà lé nọ́ńbà kan lápá òsì àti òmíràn lápá ọ̀tún. Ibo ni rúlà ti gba ìlà àárín kọjá?"

Mo wò ó. "Mo rí i, sà! Ìdáhùn ni!"

"Ìṣírò tó o ṣe dà?"

"Mi ò ṣe ìkankan, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Ẹni tó yà á ló ti ṣe é sílẹ̀ dè ẹ́."

Rónkẹ́, mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Ó dà bí ìgbà téèyàn ti ń pọnmi látodò lójoojúmọ́, tẹ́nì kan wá fi ẹ̀rọ omi hàn án lẹ́yìn ilé. Mo ní dandan ni kí n ya ti aró wa. Àṣìṣe tí mo ṣe nínú ẹ̀ ni mo fẹ́ kó o fi kọ́gbọ́n, kíwọ má bàa tún un ṣe.

Àkọ́kọ́: má fi ìkánjú pín àmì sórí ìlà. Èmi ra ìwé gíráàfù, mo fa ìlà mẹ́ta, mo sì pín nọ́ńbà sórí ìlà òsì àti tọ̀tún lọ́gbọọgba bí ẹni ń to bíríkì: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, àlàfo wọn dọ́gba. Mo wá gbé rúlà lé méjì àti méjì, mo kọ mẹ́rin sáàárín. Mẹ́ta àti mẹ́ta, mo kọ mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí lọ. Mo dán an wò pẹ̀lú mẹ́rin àti mẹ́rin, ó fún mi ní mẹ́rìndínlógún. Mo pariwo ayọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń da aró, mo sì padà síbi ẹ̀wà mi.

Mi ò tíì jẹun débì kan nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan yọrí lójú fèrèsé. Mùfútáù ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìbéṣe, ọ̀kan nínú àwọn tó ń da aró.

Ó ní, "Sísì Láàbù, ẹ dákun. Kílò aṣọ mẹ́sàn-án ni mo gbé dání. Gíráàmù aró kan ni kílò kan fẹ́. Ìwé yín ní kí n da gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí i. Ṣé aṣọ yìí ń ṣọ̀fọ̀ ni?"

Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo sáré lọ wo ògiri. Òótọ́ ni! Nọ́ńbà méjì tó bá bára wọn mu nìkan ni ìwé mi mọ̀. Bí wọ́n bá ti yàtọ̀ síra, irọ́ ló ń pa. Ibi tí mo dúró sí ni ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ bá mi, ọkùnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Aṣọ ilé ìwé tí wọ́n ń dúró dè ni wọ́n fẹ́ pa láró lọ́sẹ̀ yẹn, aró búlúù tí ò gbọdọ̀ yí padà.

Ó ní, "Ta ló lẹ eré ọmọdé yìí mọ́ ògiri mi?"

Mo ní èmi ni. Ó ní kí n yọ ọ́, àti pé tó bá jẹ́ pé àyè ti gbà mí jù ní láàbù, wọ́n ń wá èèyàn níbi tí wọ́n ti ń di aṣọ. Ọ̀gá Dúró ló bá mi bẹ̀bẹ̀. "Ẹ fún wa di ọjọ́ Ẹtì, sà. Tí kò bá bọ́ sí i, èmi fúnra mi ni màá fà á ya." Ọ̀gá àgbà wò wá sókè sódò, ó ní ó dáa, ọjọ́ Ẹtì.

Bí wọ́n ṣe ń pín in rèé, ọmọ mi. Tó bá jẹ́ pé ò ń rò pọ̀ ni, pín in lọ́gbọọgba. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ò ń sọ di púpọ̀ ni, ìlọ́po ni kó o fi wọn àlàfo. Láti ọ̀kan dé méjì, mú gígùn tó bá wù ẹ́. Gígùn yẹn náà ni wàá lò láti méjì dé mẹ́rin, òun náà láti mẹ́rin dé mẹ́jọ. Wàá rí i pé bó o ṣe ń lọ sókè, bẹ́ẹ̀ làwọn nọ́ńbà ń fún mọ́ra wọn bí èrò inú mọ́tò. Mẹ́ta ò ní wà ní ìdajì gan-an láàárín méjì àti mẹ́rin, ó máa kọjá ìdajì díẹ̀. Ìwé lọ́gárídìmù tó o lò ní sẹ́kọ́ńdìrì á sọ ibi tí ìyókù máa wà. Fa ìlà kẹta sáàárín gẹ́lẹ́. Ibi tí ọ̀kan àti ọ̀kan ti pàdé, kọ ọ̀kan. Ibi tí méjì àti méjì ti pàdé, kọ mẹ́rin. Ti mẹ́rin àti mẹ́rin, kọ mẹ́rìndínlógún. Wá gbé rúlà lé méjì àti mẹ́jọ, kó o wò ó bóyá kò ní gba orí mẹ́rìndínlógún kọjá. Lọ́jọ́ tí tèmi gba ibẹ̀ kọjá, mo dìde lórí àga, mo sì pa àtẹ́wọ́ fúnra mi.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Nítorí náà, má ṣe nìkan dán tìẹ wò. Fún ẹlòmíràn ní páálí náà, kó fi nọ́ńbà tó bá wá sí i lórí dán an wò, pàápàá èyí tó kéré gan-an pẹ̀lú èyí tó tóbi gan-an. Ibẹ̀ ni irọ́ máa ń sá pa mọ́ sí.

Èkejì ni ohun tó o máa fi wò ó. Rúlà onígi la ní, ó nípọn, ó ń bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀. Tó o bá yẹ̀ ẹ́ díẹ̀ láti rí nọ́ńbà, ìdáhùn ti yẹ̀ náà nìyẹn. Mùfútáù ló rí mi bí mo ṣe ń bá a jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú okùn ìwọ̀ wá láti Ìbéṣe, èyí tí bàbá ẹ̀ fi ń pẹja, tín-ín-rín, tó mọ́ gaara bí omi.

Ó ní, "Ẹ di ẹnu kan mú, kí n di ẹnu kejì mú."

A nà án le dáadáa, a sì gbé e lé páálí. Gbogbo nọ́ńbà ló hàn lábẹ́ ẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣeun o. Ta ló kọ́ yín?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ ráyè jẹ ẹ̀wà yín ni."

Bàbá rẹ nìyẹn, Rónkẹ́. Ó ń ka ibí yìí lẹ́yìn mi báyìí, ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀!

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá àgbà dé tòun ti ẹ̀rọ ìṣírò lápò. Ó ní, "Kílò ogún, gíráàmù márùn-ún." Èmi àti Mùfútáù na okùn. Mo ní, "Ọgọ́rùn-ún, sà." Ó tún ní, "Kílò mẹ́tàdínlógún, gíráàmù mẹ́fà." Mo tẹjú mọ́ ọn títí ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Mo ní, "Ó lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún, sà."

Ó tẹ ẹ̀rọ ẹ̀. "Méjìlélọ́gọ́rùn-ún ni. Kí ló dé tí kò lè sọ méjì náà?"

Ọ̀gá Dúró ló dá a lóhùn. "Sà, tí mo bá da méjì kún ọgọ́rùn-ún, ṣé ẹ lè fi ojú mọ̀ ọ́n lára aṣọ?"

Ọ̀gá àgbà gba ẹnu okùn lọ́wọ́ mi, òun náà nà án wò. Ó dán òmíràn wò, ó tún dán òmíràn. Nígbà tó yá, ó dà bí ọmọ tó rí ohun ìṣeré tuntun, kò fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́! Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀." Aṣọ ilé ìwé jáde, búlúù ẹ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn tó ń da aró wá sọ páálí mi lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Ìkejì Sísì Láàbù. Èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní gbígbóná. Mi ò sì dá a jẹ mọ́, tó o bá fẹ́ mọ òótọ́.

Torí náà, kó o tó fa ìlà kan, kọ́kọ́ béèrè iye tí ẹja lè fara dà. Tó bá jẹ́ pé iyọ̀ díẹ̀ tó lé kò lè pa á lára, má pa ara ẹ nítorí díẹ̀ yẹn. Ìṣírò tó péye ju bí iṣẹ́ ṣe fẹ́ lọ, àárẹ̀ lásán ni. Èyí tí kò sì péye tó bí iṣẹ́ ṣe fẹ́, ìwọ ti rí ohun tó fà.

Wàyí o, ti Ẹ̀pẹ́. Fi ìlà òsì ṣe lítà omi tó wà nínú táńkì. Fi ìlà ọ̀tún ṣe gíráàmù iyọ̀ tí lítà kan fẹ́. Ìlà àárín á máa sọ gbogbo iyọ̀ tí wọ́n máa dà. Fi ọ̀dà búlúù kọ ti omi, fi pupa kọ ti iyọ̀, kí ẹni tí ojú ń kán má bàa ṣì wọ́n mú. Ya àpẹẹrẹ kan sórí ẹ̀ tààrà, ìlà tín-ín-rín kan láti òsì dé ọ̀tún, kí ẹni tó bá ti gbàgbé lè fi ojú rántí. Gbé e sínú ike tí omi ò lè wọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kó o fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ dáadáa ni pé kó o parí ìlà pupa ti iyọ̀ síbi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀. Tí iyọ̀ bá ti kọjá ibì kan tó máa pa ẹja, má kọ nọ́ńbà kankan kọjá ibẹ̀. Ohun tí kò sí lórí páálí, kò sẹ́ni tó máa ṣèèṣì kà á. Inú mi dùn pé mo pàpà rí ọ̀nà tí mo lè fi dáàbò bo àwọn ọmọ ẹja tí mi ò rí rí.

Má sì ti ọ́fíìsì jáde kó o kàn wá gbé e kọ́ ògiri fún wọn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Jókòó tì wọ́n, bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan. Ó lè jẹ́ pé kọ́ńgò ni wọ́n ń lò, kì í ṣe kílò. Gbé iyọ̀ kọ́ńgò kan sórí ìwọ̀n, mọ bó ṣe wúwo tó, kó o sì kọ kọ́ńgò sí ẹ̀gbẹ́ kan ìlà àárín, kílò sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó da iyọ̀ ọjọ́sí, mo mọ̀ pé ojú á ti máa tì í. Òun ni kó o kọ́kọ́ pè. Jẹ́ kó bá ẹ na okùn. Ohun tá a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fi agbára mú ní í le koko. Tó bá wá di pé ẹnì kan ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀ ń fẹ́ bá ẹ di ẹnu okùn kejì mú, mi ò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan. Kó o kàn ṣáà wò ó bóyá kì í jẹ́ kí okùn dẹ̀.

Ohun kan ló kù. Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọwọ́ ń yún mi, mo bá ya òmíràn fún ìgbádùn. Eléyìí ń wá nọ́ńbà méjì tí a ò mọ̀. Apá òsì ni àpapọ̀ wọn, apá ọ̀tún ni ohun tó jáde nígbà tá a sọ ọ̀kan di ìlọ́po èkejì. Kì í ṣe ìlà tó dúró gbọọrọ ló wà láàárín, ìlà tó tẹ̀ bí ọrun ni. Gbé okùn lé márùn-ún lósì àti mẹ́fà lọ́tùn-ún, ó máa gé ìlà títẹ̀ náà níbi méjì, ní méjì àti ní mẹ́ta. Méjì àti mẹ́ta, àpapọ̀ wọn márùn-ún, ìsọdipúpọ̀ wọn mẹ́fà. Ìdọ́gba tó ń fún yín ní orí fífọ́ nílé ìwé nìyẹn, okùn kan ti tú u.

Mo pe bàbá rẹ kó wá wò ó. Ó dán an wò lọ́nà púpọ̀, ó ń kígbe bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ dẹ pákúté fún un. "Àpapọ̀ wọn méjì, ìsọdipúpọ̀ wọn márùn-ún."

A na okùn. Okùn ò kan ìlà títẹ̀ náà rárá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá lọ.

Ó ní, "Ó ti bàjẹ́ nìyẹn?"

Mo ní, "Kò bàjẹ́. Nínú gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí páálí yìí, kò sí méjì tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kàwé jù mí lọ ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wà níbòmíràn."

Ó tún na okùn náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá mi orí. "Ìwé yìí mà gbọ́n o. Ohun tí kò mọ̀, kò parọ́ nípa ẹ̀."

Àbẹ̀ní mi, ẹnu iṣẹ́ tuntun lo wà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa bi ẹ́ ní ohun tí o kò mọ̀. Ṣe bíi ti páálí yẹn.

Kí Olúwa tó fún ẹ níṣẹ́ fún ẹ láyọ̀ nínú ẹ̀. Kí gbogbo ohun tó wà ní ìtọ́jú ẹ máa yè, kí wọ́n máa dàgbà. Bàbá rẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí táńkì, ó sì ní òun ò ní padà lọ́wọ́ òfo. Dín ẹja dè é.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú ẹ̀ ń dùn sí ẹ,
Màmi